Irin Tó Dán, Irin Tó Rí Ṣákiṣàki: Bí A Ṣe Ń Fi Ìmọ́lẹ̀ Yẹ Ara Wọn Wò

Ẹ̀KỌ́ SÁYẸ́ǸSÌ TI Ọ̀SẸ̀ YÌÍ

Èmi ni Ẹgbẹ́ Oníròyìn ní kí n kọ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì sí pátákó wa lọ́sẹ̀ yìí. Mo kọ́kọ́ fẹ́ kọ nípa dígí tó tẹ̀, torí pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀ ní kíláàsì ni. Ṣùgbọ́n bàbá mi bi mí ní ìbéèrè kan nígbà ìsinmi tí mi ò lè dáhùn. Ó gbà mí tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó rí ìdáhùn rẹ̀ kó jọ. Òun ni mo fẹ́ kí a jọ kọ́. Físíìsì wà nínú rẹ̀, bàólọ́jì wà nínú rẹ̀, ìṣirò díẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ kíláàsì Áàtì, ẹ má sá o, ó yé èèyàn.

1. Ìbéèrè bàbá mi

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní àrùn fọ̀níkú-fọ̀ladìde. (Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ ọ́, ó ní kì í ṣe nǹkan ìtìjú.) Nínú àrùn yìí, sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ máa ń tẹ̀ bíi dòjé, á le, á sì máa dí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó tín-ín-rín. Ọ̀kan nínú ibi tó lè dí ni ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé orí egungun itan, níbi tó ti wọ inú ìbàdí. Bí ẹ̀jẹ̀ ò bá dé ibẹ̀ mọ́, egungun náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, á sì wó sínú. Ohun tó ṣe ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Ọdún méjì gbáko ló fi ń tiro. Nígbà tó pé ọmọ ọdún 22, àwọn oníṣẹ́ abẹ yọ ibi tó ti bàjẹ́ náà, wọ́n sì fi oríkèé àtọwọ́dá rọ́pò rẹ̀.

Kí wọ́n tó ṣe é, dókítà fi àwòṣe oríkèé náà hàn wá. Bíríkìlà ni bàbá mi. Ó gbà á, ó fi àtàǹpàkò ra á lára. Apá òkè igi irin náà rí ṣákiṣàki, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tó wà lórí rẹ̀ ń dán gbinrin. Bàbá mi ò sọ nǹkan kan níbẹ̀. Ìgbà tí a délé ló pè mí.

Ó ní, "Ìwọ tó ń kọ́ físíìsì, wá ná. Bí mo bá fẹ́ rẹ́ òpó kọnkéré tó dán, mo ní láti kọ́kọ́ ṣá a lára, tàbí kí n fọ́n sìmẹ́ǹtì tó ṣàn sí i kó lè rí ṣákiṣàki. Bí mi ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ohun tí mo rẹ́ sí i á ṣí dànù ni. Èmi lè fọwọ́ pa á kí n mọ̀ pé ó tó. Irin tí wọ́n fẹ́ fi sí ara ọmọ mi yìí, ta ló wò ó pé ṣákiṣàki ẹ̀ tó? Ta ló wò ó pé bọ́ọ̀lù yẹn dán tó? Àbí ọwọ́ ni àwọn náà fi ń pa á?"

Mo ní, "Ẹ máa bínú sà, mi ò mọ̀." Ó ní kí n lọ wádìí ẹ̀ wá.

2. Kí ló dé tí kò fi dán níbi gbogbo?

Ọ̀nà méjì ni irin fi ń dúró nínú egungun. Ọ̀nà kìíní ni kí wọ́n fi irú sìmẹ́ǹtì kan tó wà fún iṣẹ́ abẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀. Dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì kan, John Charnley, ló sọ ọ̀nà yìí di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Ní ọdún 1962 ló bẹ̀rẹ̀ sí í lo bọ́ọ̀lù irin tó ń yí nínú ife tí wọ́n fi ike líle ṣe. Ọ̀nà kejì kò ní sìmẹ́ǹtì rárá: egungun fúnra rẹ̀ ló máa hù mọ́ irin, tó máa dì í mú. Ọ̀pọ̀ dókítà máa ń yan ọ̀nà kejì yìí fún ọ̀dọ́, torí pé ọdún tó máa fi lo irin náà ṣì pọ̀ níwájú.

Ṣé egungun lè hù mọ́ irin lóòótọ́? Bẹ́ẹ̀ ni. Ní ọdún 1952, ní ìlú Lund ní Sweden, Per-Ingvar Brånemark fi ohun kékeré kan tí wọ́n fi titanium ṣe sínú egungun ẹsẹ̀ ehoro kó lè máa wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn níbẹ̀. Nígbà tó fẹ́ yọ ọ́, kò yọ mọ́. Egungun ti gbà á bí ẹni pé ara rẹ̀ ni. Ní 1965, ó fi titanium ṣe gbòǹgbò eyín fún èèyàn.

Ṣùgbọ́n egungun náà dà bí ohun tí bàbá mi fi ń rẹ́ òpó: ó fẹ́ ibi tó máa di mú. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi ìbòrí bo irin lára. Wọ́n á mú gáàsì, wọ́n á fi iná mànàmáná sọ ọ́ di plásímà tó gbóná kọjá 10,000 °C. Ẹ rántí pé ojú òde oòrùn fúnra rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 5,500 °C lọ. Wọ́n á da ìyẹ̀fun sínú gáàsì gbígbóná yìí, ìyẹ̀fun náà á yọ́, á fò lọ lu irin, á tẹ́ pẹrẹsẹ, á sì dì síbẹ̀. Ìkan á gun orí ìkan títí tó fi máa nípọn. Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún bàbá mi, ẹ̀rín ló pa á. Ó ní, "Wọ́n kàn ń fọ́n sìmẹ́ǹtì ni jàre."

Ìyẹ̀fun náà lè jẹ́ titanium. Ó sì lè jẹ́ hydroxyapatite, Ca₁₀(PO₄)₆(OH)₂. Ẹ̀yin ọmọ kẹ́mísírì, ẹ wò ó dáadáa: kálísíọ́mù àti fọ́sífétì ni. Irú èròjà yìí gan-an ló ń mú kí egungun wa le. Ní 1985 ni dókítà Ronald Furlong bẹ̀rẹ̀ sí í fi oríkèé ìbàdí tí wọ́n fi hydroxyapatite bò sára èèyàn ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ó dáa, ṣé bó bá ti rí ṣákiṣàki tó ló ti dára tó? Rárá o. Ká kọ́kọ́ mọ òṣùwọ̀n. Bí a bá pín mílímítà kan sí ọ̀nà 1,000, ọ̀kan nínú rẹ̀ ni máíkírómítà, a máa ń kọ ọ́ ní µm. Bí a bá tún pín máíkírómítà kan sí 1,000, nánómítà nìyẹn, nm. Irun orí kan nípọn tó nǹkan bíi 70 µm.

Àwọn tó ṣèwádìí lórí gbòǹgbò eyín titanium rí i pé egungun máa ń dì í mú dáadáa bí ṣákiṣàki ara rẹ̀ bá wà láàárín 1 sí 2 µm. Ìbòrí tí wọ́n fọ́n sára irin ìbàdí sábà máa ń le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí ṣóńṣó rẹ̀ bá ga jù, ó lè ṣẹ́. Bí ó bá sì ní kòtò, kòkòrò àìfojúrí lè fara pamọ́ síbẹ̀. Bakitéríà tó ń jẹ́ Staphylococcus aureus, tó máa ń ba iṣẹ́ abẹ egungun jẹ́, kò tóbi ju nǹkan bíi 1 µm lọ. Ara àwọn tó ní fọ̀níkú-fọ̀ladìde kì í tètè borí irú kòkòrò bẹ́ẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré nílé wa.

Ti bọ́ọ̀lù wá yàtọ̀ pátápátá. Òun ń yí nínú ife rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí èèyàn bá gbé ẹsẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá há díẹ̀, ńṣe ló máa máa rin ike inú ife náà bí a ṣe ń rin gbágùúdá. Àjọ ISO, tó ń gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀ fún gbogbo ayé, sọ pé ṣákiṣàki ara bọ́ọ̀lù onírin kò gbọ́dọ̀ ju 0.05 µm lọ. Ẹ fi 0.05 pín 70: ìgbà 1,400 ló máa lọ nínú irun orí kan!

3. Kí ló dé tí ìka ò tó?

Ìka bàbá mi mọṣẹ́, ṣùgbọ́n kò lè sọ ìyàtọ̀ láàárín 0.05 µm àti 0.1 µm. Síbẹ̀, èkíní yege, èkejì kùnà.

Ohun èlò kan wà tó ń wọ̀n ọ́n pẹ̀lú abẹ́rẹ́ dáyámọ́ńdì. Wọ́n á fa abẹ́rẹ́ náà kọjá lórí irin, yóò máa gòkè, yóò máa sọ̀ kalẹ̀, bíi ti abẹ́rẹ́ orí rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́. Ó ṣe dáadáa, àwọn èèyàn ṣì ń lò ó. Ṣùgbọ́n wàhálà mẹ́ta wà níbẹ̀. Ìkíní, ó ń fara kan nǹkan, ó sì lè ha á. Èkejì, ẹnu abẹ́rẹ́ náà ní ìwọ̀n tirẹ̀, kò lè wọ kòtò tó há ju òun lọ. Ẹ̀kẹta, ojú ìlà kan ṣoṣo ló ń wọ̀n, kò mọ ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi yíjú sí ìmọ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kì í ha nǹkan.

4. Ẹ dán èyí wò níbí

Ògiri tí wọ́n so pátákó wa yìí mọ́, ẹ wò ó. Ó dán, àbí? Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti iwájú gan-an, á ṣì dà bíi pé ó dán. Ní báyìí, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ tọ́ọ̀ṣì náà ti ògiri, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ máa rá kọjá lórí ògiri náà. Gbogbo ibi tó wú àti ibi tó tẹ̀ á yọ òjìji. Bàbá mi ní àwọn náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó gbà kí ọ̀dà wọlé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ara tó dán máa ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sí ọ̀nà kan ṣoṣo, bíi dígí. Ara tó rí ṣákiṣàki máa ń fọ́n ọn ká sí gbogbo ọ̀nà. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ tí a lè fi ìmọ́lẹ̀ ṣe nìyẹn: mélòó ló padà síbi tí a ń retí, mélòó ló fọ́n ká? Ó yára, ó sì máa ń fi ibi tó há tàbí tó ṣí hàn. Ṣùgbọ́n kò lè sọ pé, "ṣóńṣó yìí ga tó 1.4 µm." Ká tó lè sọ bẹ́ẹ̀, a ní láti lo ìgbì.

5. Ìgbì méjì pàdé

Ẹ ti rí epo mọ́tò tó dà sórí omi òjò ní ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì rí. Àwọ̀ oríṣiríṣi máa ń yọ lórí rẹ̀. Epo náà ò ní àwọ̀ wọ̀nyẹn. Ìmọ́lẹ̀ tó padà láti òkè epo àti èyí tó padà láti ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló pàdé. Níbi tí òkè ìgbì kan bá ti bá òkè ìgbì kejì, ìmọ́lẹ̀ á le sí i. Níbi tí òkè bá ti bá ọ̀gbun, wọ́n á pa ara wọn, ibẹ̀ á ṣókùnkùn. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní gígùn ìgbì tirẹ̀, nítorí náà ibi tí wọ́n ti ń le àti ibi tí wọ́n ti ń kú kò dọ́gba.

Albert Michelson sọ èyí di ohun èlò ìwọ̀n ní 1881. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ti físíìsì ní 1907. Interferometer ni orúkọ ohun èlò náà, òun náà ni wọ́n gbé sínú máíkírósíkópù lónìí láti fi wo ara irin. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé:

(i) Ìmọ́lẹ̀ á kan dígí kan tó ń dá ìlàjì rẹ̀ padà, tó sì ń jẹ́ kí ìlàjì kejì kọjá.
(ii) Ìlàjì kan á lọ sára irin tí a fẹ́ yẹ̀ wò. Ìlàjì kejì á lọ sára dígí kan tó dán gan-an, tí a mọ ibi tó wà.
(iii) Àwọn méjèèjì á padà, wọ́n á pàdé nínú kámẹ́rà.
(iv) Bí ara irin bá ń gòkè tàbí tó ń sọ̀ kalẹ̀, ìlà dúdú àti ìlà funfun á yọ lórí àwòrán.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ìmọ́lẹ̀ lọ, ó tún bọ̀, nítorí náà ìlọ́po méjì gíga ló rìn. Láti ìlà dúdú kan sí ìlà dúdú tó tẹ̀lé e, gíga ti yí padà ní ìlàjì gígùn ìgbì kan.

Àpẹẹrẹ: a lo ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ewé, gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ 560 nm. Ìlàjì rẹ̀ jẹ́ 280 nm. Bí a bá gòkè láti ìsàlẹ̀ dé ṣóńṣó kan, tí a sì kọjá àyè ìlà 5:

Gíga = 5 × 280 nm = 1,400 nm = 1.4 µm.

Ẹ wò ó! A wọn ohun tó fi ìlọ́po 50 kéré sí irun orí, a ò sì fọwọ́ kàn án.

6. Ìmọ́lẹ̀ funfun ló gbọ́n jù

Ìṣòro kan kù. Bí ara irin bá gòkè lójijì bí àtẹ̀gùn, ìlà á já, a ò ní mọ iye tí a fò. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń lo ìmọ́lẹ̀ funfun. Ẹ rántí pé gbogbo àwọ̀ ló wà nínú ìmọ́lẹ̀ funfun. Ìgbà tí ọ̀nà méjèèjì tí ìmọ́lẹ̀ gbà bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba nìkan ni gbogbo àwọ̀ wọ̀nyẹn máa ń fẹnu kò. Bí ọ̀nà kan bá fi máíkírómítà díẹ̀ gùn ju èkejì, ìlà á parẹ́.

Ẹ̀rọ á wá máa rọra gbé awò rẹ̀ sókè. Ojú kọ̀ọ̀kan nínú kámẹ́rà á máa ṣọ́ ibi tirẹ̀. Ìṣẹ́jú tí ìlà bá hàn ketekete jù ní ibi kan, kọ̀ǹpútà á kọ gíga ibẹ̀ sílẹ̀. Bí kámẹ́rà bá ní ojú mílíọ̀nù kan, a ti wọn gíga ibi mílíọ̀nù kan. Ohun tó jáde dà bíi máàpù ilẹ̀ olókè, bíi ti Ìdànrè, ṣùgbọ́n gbogbo òkè náà lè wà lórí ibi tí kò tó orí abẹ́rẹ́.

Ìmọ́lẹ̀ náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Bí ẹ̀gbẹ́ òkè kan bá dagun jù, ìmọ́lẹ̀ á ta lọ síbòmíràn, kò ní padà sí kámẹ́rà, ibẹ̀ á ṣófo lórí máàpù. Kòtò tó wọ abẹ́ ìbòrí lọ, kò rí i. Hydroxyapatite máa ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọ inú òun díẹ̀ kó tó padà, ìyẹn sì lè mú kí gíga tó kọ sílẹ̀ ṣì. Bákan náà, láti 1873 ni Ernst Abbe ti fi hàn pé máíkírósíkópù kò lè ya ohun méjì sọ́tọ̀ bí àlàfo àárín wọn bá kéré ju nǹkan bí ìlàjì gígùn ìgbì lọ. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá dé tí kò lè lọ mọ́, wọ́n á lo máíkírósíkópù onílẹ́kítírọ́ọ̀nù kún un.

7. Nọ́ńbà kan ò tó

Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ rántí jù nínú gbogbo ohun tí mo kọ. Nọ́ńbà tí wọ́n sábà máa ń kọ fún ṣákiṣàki ni Ra. Bí a ṣe ń rí i: wá ìpíndọ́gba gíga gbogbo ibi tí o wọ̀n. Wo bí ibi kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí ìpíndọ́gba náà, má wo àmì + tàbí −. Rò wọ́n pọ̀, kí o pín in. Bí ó bá jẹ́ ojú ìlà kan lo wọ̀n, Ra ni. Bí ó bá jẹ́ gbogbo ilẹ̀ náà bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ṣe é, Sa ni.

Ẹ wo irin méjì yìí. Ibi 8 ni a wọ̀n lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ní µm:

Irin A: +7, −1, −1, −1, −1, −1, −1, −1
Irin B: −7, +1, +1, +1, +1, +1, +1, +1

Ìpíndọ́gba àwọn méjèèjì jẹ́ 0. Ra ti A: (7 + 7) ÷ 8 = 1.75 µm. Ra ti B: (7 + 7) ÷ 8 = 1.75 µm.

Ọ̀kan náà ni! Bẹ́ẹ̀ sì rèé, A ní ṣóńṣó kan tó yọrí jáde bí ìṣó, tó lè ṣẹ́ tàbí kó ha nǹkan. B ní kòtò kan tí kòkòrò lè wọ̀. Ẹni tó bá ka Ra nìkan á sọ pé ìbejì ni wọ́n. Ẹni tó bá wo máàpù tí ìmọ́lẹ̀ yà á mọ̀ pé wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Àǹfààní ńlá tí ìmọ́lẹ̀ ní nìyẹn: ó ń fún wa ní nọ́ńbà, ó tún ń fi ohun tí nọ́ńbà náà bò mọ́lẹ̀ hàn wá.

8. Ìdáhùn tí mo fún bàbá mi

Mo jókòó ti bàbá mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, mo ya gbogbo rẹ̀ sínú ìwé fún wọn. Wọ́n gbọ́ ọ dé òpin. Wọ́n wá ní, "Ìyẹn ni pé wọn ò fọwọ́ pa á rárá." Mo ní, "Rárá sà, ìmọ́lẹ̀ ni." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní, "Èyí tó wà lára ẹ̀gbọ́n ẹ, ṣé wọ́n wò ó?"

Mo sọ òótọ́ fún wọn. Mo ní òfin ni pé kí wọ́n wò ó kó tó kúrò níbi tí wọ́n ti ṣe é, ṣùgbọ́n èmi ò sí níbẹ̀. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń gbé inú ilé kò sí níbẹ̀ nígbà tí bíríkìlà ń rẹ́ ẹ, ìdí nìyẹn tí bíríkìlà fi gbọ́dọ̀ ṣe é dáadáa.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ń rìn láìsí ọ̀pá báyìí. Ó ṣì máa ń lọ ya X-ray kí dókítà lè wo bí egungun ṣe ń di irin náà mú. Lánàá, ó sáré gba inú òjò wọlé. Ìyá mi pariwo mọ́ ọn, ṣùgbọ́n èmi rí i pé inú wọn ń dùn.

ÌDÁNRAWÒ

1. A lo ìmọ́lẹ̀ tí gígùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ 600 nm. A kọjá àyè ìlà 7 kí a tó dé ṣóńṣó. Kí ni gíga rẹ̀ ní µm?
2. Wá Ra irin yìí: +3, −1, −1, −1, +3, −1, −1, −1 (µm). Ṣé o máa fi ṣe bọ́ọ̀lù ìbàdí? Sọ ìdí rẹ̀.
3. Sọ ìdí méjì tí abẹ́rẹ́ dáyámọ́ńdì fi lè ṣi ìbòrí kan wọ̀n.
4. Fi tọ́ọ̀ṣì yẹ ògiri kíláàsì rẹ wò, kí o ya àwòrán ohun tí o rí.

Ẹ ju ìdáhùn yín sínú àpótí Ẹgbẹ́ Oníròyìn kó tó di ọjọ́ Ẹtì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ọ́ sára ògiri o.

— Láti ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ SS2, kíláàsì Sáyẹ́ǹsì